Ta Ló Ṣẹ̀? Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Lawrence LeShan lórí Ọkàn, Ara àti Ìwòsàn

Kò pọ̀ nínú àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa tí ó ti gbọ́ orúkọ Lawrence LeShan rí. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ọkùnrin ará Amẹ́ríkà yìí fi ìdajì àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tàn kálẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Bí a bá gbọ́ tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ń sọ lórí pẹpẹ pé ìkorò tí obìnrin kan kó sínú ló di kókó sí i lọ́mú, tàbí pé àìdáríjì ló so jẹjẹrẹ mọ́ ẹnì kan lára, ẹ̀kọ́ náà la gbọ́ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ Ìwé Mímọ́ ni wọ́n dà bò ó. LeShan kò kọ̀wé fún ìjọ. Onímọ̀ saikọ́lọ́jì ni, ẹni tí ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí bí ọkàn ṣe ń bá ara lò nígbà àìsàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ àti ohun tí ó kọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà kan iṣẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ìbéèrè méjì ni LeShan bi àwọn aláìsàn ní ìgbésí ayé rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ di ẹrù lé aláìsàn lórí, ẹ̀rí kò sì gbè é. Ìbéèrè kejì gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó sì sún mọ́ ìbéèrè Jésù ju ohun tí púpọ̀ nínú wa ń bi aláìsàn lọ. Èyí àkọ́kọ́ ni ìjọ wa gbà wọlé. Èkejì ṣì wà níta.

Ta ni LeShan?

Ìlú New York ni a ti bí i ní ọdún 1920. Ó ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ saikọ́lọ́jì nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1954. Ní àwọn ọdún 1950 náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá jà. Ó yẹ kí á rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ dókítà ní Amẹ́ríkà kì í sọ orúkọ àrùn náà létí ẹni tí ó ń ṣe. Àwọn ẹbí ń mọ̀, aláìsàn kì í mọ̀. Tàbí kí ó mọ̀, kí ó máa díbọ́n pé òun kò mọ̀. Ẹni tí ikú rẹ̀ ti sún mọ́lé, kò sí ẹni tí ó rò pé ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ tọ́ sí àkókò onímọ̀ kankan. LeShan fún wọn ní àkókò yẹn. Ó tẹ́tí sí wọn fún wákàtí lórí wákàtí, ọdún lórí ọdún. Kí á tó sọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí á fún un ní ìyìn yìí, nítorí àwa tí a pè sí ìbẹ̀wò aláìsàn kì í sábà jókòó tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1956, òun àti Richard Worthington gbé ìwádìí kan jáde lórí ìwà ẹ̀dá àti ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ. Ní 1959, ó tẹ àkójọ àyẹ̀wò kan jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìwé àtìgbàdégbà ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí àrùn náà. Ní 1977 ló wá kó ẹ̀kọ́ náà fún gbogbo ènìyàn nínú ìwé You Can Fight for Your Life. Ó ti kọ How to Meditate lórí àṣàrò àti The Medium, the Mystic, and the Physicist lórí ohun ìjìnlẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ní 1974. Ní 1989, ó tẹ Cancer as a Turning Point jáde. Ó kú ní 2020, lẹ́ni 100 ọdún. 

Ìbéèrè àkọ́kọ́: kí ló bàjẹ́ nínú ẹni yìí?

Ohun tí LeShan sọ pé òun rí lára àwọn aláìsàn rẹ̀ lọ báyìí. Ní ìgbà èwe, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí ó mú kí ọmọ náà rò pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ òun dénú, àti pé ewu ni fífi ọkàn tán ènìyàn. Nígbà tí ó dàgbà, ó rí ẹnì kan tàbí iṣẹ́ kan tí ó gbé gbogbo ayé rẹ̀ lé: ọkọ, ọmọ, tàbí ipò kan lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ohun náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkọ kú, ọmọ lọ ilé ọkọ, ìfẹ̀yìntì dé. Ẹni náà kò sunkún síta, kò sì bínú síta. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣoore, àwọn aládùúgbò ń yìn ín, ṣùgbọ́n ìrètí ti kú nínú rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, jẹjẹrẹ yọjú. LeShan kò sọ pé àìnírètí nìkan ló ń fa àrùn náà, ṣùgbọ́n ó gbà pé ó wà lára ohun tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Agbára ẹ̀kọ́ yìí ni pé ó jọ òótọ́. Ta ni nínú wa tí kò mọ opó kan tí ó gbé ìbànújẹ́ mì, tí àìsàn wá gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì? Ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń wọni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wọni lọ́kàn yàtọ̀ sí ẹ̀rí.

Àbùkù àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí àrùn ti mú tán ni LeShan ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹni tí ó ti mọ̀ pé ikú ń kan ilẹ̀kùn, bí a bá ní kí ó sọ ìtàn ara rẹ̀, ìbànújẹ́ ni yóò rí lẹ́yìn, nítorí ìbànújẹ́ ló wà níwájú rẹ̀. Àbùkù kejì ni pé kókó jẹjẹrẹ a máa dàgbà nínú ara fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà náà, àdánù tí LeShan rò pé ó ṣáájú àrùn lè jẹ́ ohun tí ó dé nígbà tí àrùn ti wà nílẹ̀. Àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó rí sì lè jẹ́ iṣẹ́ àrùn náà gan-an. Àbùkù kẹta ni pé àwọn opó tí wọ́n gbé ìbànújẹ́ mì tí wọn kò sì ní jẹjẹrẹ kò wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n wà nílé, wọ́n ń dàgbà lọ.

Nígbà tí àwọn mìíràn wá gba ọ̀nà tí ó tọ́, èsì wọn yàtọ̀. Ní 2010, a tẹ ìwádìí kan jáde tí ó tẹ̀lé nǹkan bí 60,000 ènìyàn ní Sweden àti Finland fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti kọ́kọ́ wọn ìwà wọn, bóyá ẹni tí ń kó àníyàn sọ́kàn ni tàbí ọlọ́yàyà, kí àrùn kankan tó dé. Ìwà wọ̀nyẹn kò sọ ẹni tí jẹjẹrẹ yóò mú. Àwọn ohun tí a mọ̀ dájú pé wọ́n ń fà á wà nílẹ̀: tábà, ọjọ́ orí, ohun tí a jogún nínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú irú B, àti kòkòrò HPV tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ. Nítorí kòkòrò HPV yìí ni Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní October 2023. Kí á tún rántí àwọn ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́ta a máa ní jẹjẹrẹ inú ẹyinjú. Ta ni ọmọ náà kọ̀ láti dárí jì?

Obìnrin kan wà tí ó tako irú ẹ̀kọ́ yìí ní gbangba ní 1978, ọdún kan lẹ́yìn ìwé LeShan. Susan Sontag ni orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Ìwé kékeré rẹ̀, Illness as Metaphor, fi hàn pé bí a bá so àrùn mọ́ ìwà ẹni, a ti fi ẹ̀bi kún ìrora. Kì í ṣe onímọ̀ nípa Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí ni Jóòbù ti rí.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù kò tíì kú tán

Àwọn àgbà wa a máa ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Lórí ọ̀rọ̀ ìlú, òwe náà dára. Lórí ibùsùn aláìsàn, ẹ̀kọ́ Élífásì, Bílídádì àti Sófárì ni. Ó yẹ kí á kíyè sí i pé iṣẹ́ tí ó dára jù lọ tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn ṣe ni ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó pẹ̀lú Jóòbù lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀ (Jóòbù 2:13). Ìgbà tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fa egbò, ni wọ́n ti ṣìnà. Ní ìparí ìwé náà, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí, kì í ṣe Jóòbù (42:7).

Olúwa wa pàápàá bá ìbéèrè yìí pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Nínú Jòhánù 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí afọ́jú kan, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tí ó ṣẹ̀. Jésù kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yí ojú wọn sí iṣẹ́ Ọlọ́run tí ó fẹ́ hàn. Nínú Lúùkù 13, nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn 18, ó kọ̀ láti gbà pé wọ́n burú ju àwọn yòókù ní Jerúsálẹ́mù lọ.

Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé: Sáàmù 32 ńkọ́, níbi tí Dáfídì ti sọ pé nígbà tí òun dákẹ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ òun, egungun òun gbó? Jákọ́bù 5 ńkọ́, tí ó so àdúrà ìwòsàn mọ́ ìjẹ́wọ́? Kọ́ríńtì Kìíní 11:30 ńkọ́? Àwọn ẹsẹ wọ̀nyí dúró, a kò sì lè fò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kà wọ́n bí a ṣe kọ wọ́n. Nínú Sáàmù 32, Dáfídì ló ń sọ ti ara rẹ̀. Kì í ṣe ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ fún un lórí ibùsùn. Jákọ́bù fi ọ̀rọ̀ náà sí abẹ́ “bí”: bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn gba àyè fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan nídìí. Pọ́ọ̀lù sì ń bá odindi ìjọ wí lórí ìwà tí gbogbo wọn fojú rí, kò jókòó ti aláìsàn kan kí ó máa tú ìtàn ayé rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ fa ẹnì kan sí ń sọni di òmìnira. Ẹ̀sùn tí pásítọ̀ hun láti inú àìsàn ènìyàn kò jọ ọ́ rárá.

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní ilẹ̀ wa ni ó ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí kókó ọmú ti di egbò. Ọ̀nà tí ó gùn tí wọ́n kọ́kọ́ rìn a máa gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Bí a bá sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé kí ó lọ yanjú ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ná, kí kókó náà lè yọ́, tí ó sì fi oṣù mẹ́fà ṣe ìlàjà àti ààwẹ̀, oṣù mẹ́fà yẹn lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ìyè àti ikú. Nígbà tí ó bá sì ń kú lọ, kò ní kú pẹ̀lú àlàáfíà. Yóò máa wádìí ọkàn ara rẹ̀ títí dé èémí ìkẹyìn, láti mọ ẹni tí òun kò tíì dárí jì.

Ara àti ọkàn kì í ṣe àjèjì sí ara wọn

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń sọ pé ọkàn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ saikọ́lọ́jì mìíràn, Robert Ader, ń fún àwọn eku ní omi dídùn pọ̀ mọ́ oògùn kan tí ń rin wọ́n lára, tí ó sì ń dín agbára ara wọn láti bá àrùn jà kù. Lẹ́yìn náà ó fún wọn ní omi dídùn náà nìkan, láìsí oògùn. Díẹ̀ nínú wọn ń kú. Òun àti Nicholas Cohen wá dán an wò fínnífínní, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1975: ara eku ti kọ́ láti dín ìdáàbòbò rẹ̀ kù nígbà tí ó bá ti tọ́ omi dídùn wò. Kí èyí tó dé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn ọmọ ogun ara ń ja ogun tiwọn láìgbọ́ ohùn ọpọlọ. Ader fi hàn pé ọpọlọ àti àwọn ọmọ ogun náà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Èyí kò yẹ kí ó ya ẹni tí ń ka Òwe 17:22 lẹ́nu. Kò sì yẹ kí ó ya ẹni tí ó mọ Èlíjà lábẹ́ igi nínú Àwọn Ọba Kìíní 19 lẹ́nu. Wòlíì tí ń béèrè ikú ni Ọlọ́run fún ní oorun, àkàrà àti omi, lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ó dá wa mọ̀ pé ẹyọ kan ni wá.

Síbẹ̀, láti orí eku tí ń mu omi dídùn dé orí obìnrin tí ó ní kókó lọ́mú, ọ̀nà jìn. Pé ọkàn lè kan ara kò túmọ̀ sí pé gbogbo àrùn ara, ọkàn ló bí i. Ibí yìí ni LeShan àkọ́kọ́ ti ṣìnà, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú ìwàásù wa ti ń fò kọjá láìwo ilẹ̀.

Ìbéèrè kejì: kí ló dára nínú ẹni yìí?

Ohun tí ó mú kí ìgbésí ayé LeShan tọ́ sí kíkà ni pé ó jẹ́wọ́ ìkùnà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi tẹ̀lé ìlànà tí wọ́n kọ́ ọ: kí ló bàjẹ́ nínú ẹni yìí, báwo ló ṣe bàjẹ́, kí ni a lè ṣe sí i? Àwọn aláìsàn rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sọ pé ó ran àwọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń kú bí àwọn yòókù ṣe ń kú. Ó wá yí ìbéèrè padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ó dára nínú ẹni náà, ọ̀nà tí a gbà dá a láti gbé, láti fẹ́ràn, láti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan. Irú ìgbé ayé wo ni yóò mú kí inú rẹ̀ dùn láti jí lówùúrọ̀? Ó fi í wé orin tí olúkúlùkù ní láti kọ. Aláìsàn kì í tún ṣe ilé tí ó wó tí a ń wá ẹni tí ó wó o. Ènìyàn ni, ó ṣì ní iṣẹ́ nílẹ̀.

LeShan sọ pé láti ìgbà tí òun ti yí ìbéèrè padà, nǹkan bí ìdajì àwọn tí dókítà ti sọ ìrètí nù lórí wọn ló padà sípò fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí òǹkàwé wa fi ìṣọ́ra gbà. Kò sí àwọn ẹlòmíràn tí ó fi wọ́n wé. Ẹni tí ó bá wá a wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ó ní agbára láti rin ìrìn àjò náà, lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le ju ti àwọn tí ó wà lórí ibùsùn lọ. Àwa tí ń gbọ́ ẹ̀rí ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ ìṣòro yìí, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́: ẹni tí ó yè ní ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹni tí ó kú kì í wá jẹ́rìí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí irú ìrètí yìí lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1989 kan náà, David Spiegel, dókítà àrùn ọpọlọ ní Stanford, sọ nínú ìwé àtìgbàdégbà Lancet pé àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti tàn kálẹ̀, tí wọ́n ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn, lo oṣù 36.6 láyé, tí àwọn tí kò pàdé lo oṣù 18.9. Obìnrin 86 ni wọ́n lò. Ìròyìn náà gba ayé kan. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Kánádà tún un ṣe pẹ̀lú obìnrin 235. Ìpàdé náà kò fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn. Ní 2007, Spiegel fúnra rẹ̀ tẹ àtúnṣe tirẹ̀ jáde, kò sì rí àfikún ọjọ́ náà mọ́ fún gbogbo wọn lápapọ̀.

Ṣé asán ni ìpàdé náà, nígbà náà? Kì í ṣe asán. Àwọn obìnrin Kánádà tí ó pàdé kò ní ìrora tó àwọn yòókù, ìdààmú ọkàn wọn sì dínkù. Kókó ọ̀rọ̀ wa rè é. Ìtùnú kì í ṣe oògùn tí a ń lò kí a lè gùn láyé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ìtùnú jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ìyè nìkan ni a ṣe ń tu ènìyàn nínú, ọjọ́ tí a bá mọ̀ pé kò ní yè ni a ó dẹ́kun àtibẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ aláìsàn nínú ìjọ wa ti rí i? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn jagunjagun àdúrà kún yàrá. Oṣù kẹfà, kò sí ẹni tí ń bọ̀ mọ́, nítorí ẹ̀rí kò jáde, ojú sì ń ti wa.

Orin ta ni?

Bí a ṣe ń yin ìbéèrè kejì, kí á tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ìmọ́lẹ̀ ìgbàgbọ́ wa. Lọ́dọ̀ LeShan, inú ẹni náà ni orin náà ti ń wá, òun fúnra rẹ̀ ni orísun rẹ̀. Lójú tiwa, Ẹni kan ló pe ènìyàn, ìpè náà sì lè mú un lọ sí ibi tí kò wù ú. Orin tí a kò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn lè di ìmọtara-ẹni-nìkan. Aláìsàn tí ó ní ọmọ mẹ́rin nílẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tí ó ń gbé fún ara rẹ̀ nìkan.

Ṣùgbọ́n kí á tó fi èyí dá LeShan lẹ́bi, kí á lọ sí ẹnu ọ̀nà Jẹ́ríkò. Bátíméù afọ́jú ń ké. Jésù dúró, ó pè é, ó sì bi í ní ohun tí ó fẹ́ kí òun ṣe fún un (Máàkù 10:51). Kò bi í nípa ilé baba rẹ̀, kò bi í bóyá ẹnì kan wà tí ó ń bínú sí. Ó bi ọkùnrin tí gbogbo ènìyàn mọ ohun tí ń ṣe é ní ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Nínú ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn wa, fọ́ọ̀mù tí a ń fún àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ ìran, májẹ̀mú ìdílé àti àlá òru. Fọ́ọ̀mù mélòó ló ní ìlà kan fún ìbéèrè Jésù?

Ọwọ́ lórí aláìsàn

Apá kan ṣì kù tí a kò lè gbójú fò. LeShan bá abókùúsọ̀rọ̀ kan tí ó lókìkí, Eileen Garrett, ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun kọ́kọ́ wọ inú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú iyèméjì, ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀. Nínú ìwé 1974 rẹ̀, ó pín àwọn awonisàn sí ọ̀nà méjì. Irú kìíní kì í gbìyànjú láti wo ẹnikẹ́ni sàn. Yóò fi àṣàrò wọ ipò kan tí òun àti aláìsàn ti di ọ̀kan lójú rẹ̀. Irú kejì ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn, ó ń rò pé agbára kan ń ṣàn jáde láti àtẹ́lẹwọ́ òun. Irú kìíní ni LeShan fọwọ́ sí, ó sì kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń ṣe é.

Diutarónómì 18 ti sọ ohun tí a ó ṣe sí ìbálò pẹ̀lú abókùúsọ̀rọ̀, a kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ohun tí ó kàn wá jù ni irú kejì, nítorí ó jọ tiwa. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò sí nínú ọwọ́, kò sì sí nínú ooru tí aláìsàn ń gbọ́ lára. Ìyàtọ̀ náà ni pé àwọn àgbà ìjọ nínú Jákọ́bù 5 ń bẹ Ẹlòmíràn. Àdúrà ni, kì í ṣe iná mànàmáná tí ń gba inú wáyà kọjá. Nígbà tí arọ dìde ní ẹnu ọ̀nà Dáradára, ohun àkọ́kọ́ tí Pétérù ṣe ni láti kọ̀ pé kì í ṣe agbára tàbí ìwà-bí-Ọlọ́run àwọn ló ṣe é (Ìṣe 3:12). Nígbà tí àwa bá ń sọ̀rọ̀ òróró bí ohun tí ó wà nínú àpò wa, tí a lè fún, tí a lè tà, tí ènìyàn lè kọ́ bí a ṣe ń lò ó ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé LeShan la wà yẹn, bí a tilẹ̀ ń pe orúkọ Jésù nínú rẹ̀.

Ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ wa

Àwọn baba wa ti ja ìjà kan ṣáájú èyí. Ẹgbẹ́ àdúrà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918 dara pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ti Philadelphia, wọ́n sì gba ẹ̀kọ́ ìwòsàn láìlo oògùn. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kuníìnì sí ibà, ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ó ya ìjọ sí méjì. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé oògùn àti àdúrà lè bá ara wọn gbé. Ìjà ti oògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìjà ti ẹ̀bi kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra de ìgbọ́wọ́lélórí, ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ mú lọ. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe sọ ohun tí ó fa àrùn ẹnikẹ́ni fún un. Bí Ẹ̀mí bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan, yóò sọ fún yín. Iṣẹ́ yín nígbà náà ni ìdáríjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì sọ pé òun rí kókó lára, kí ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹ lè gbàdúrà nínú ọkọ̀. Èkejì, ẹ béèrè ohun tí Jésù béèrè. Aláìsàn kan lè fẹ́ ìwòsàn. Òmíràn lè fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn odi, tàbí kí a kà á mọ́ àwọn akọrin lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì ṣe ohun tí ọwọ́ yín ká nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ padà lọ. Pọ́ọ̀lù tí aṣọ ara rẹ̀ ń wo aláìsàn sàn fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn (Tímótì Kejì 4:20), kò sì fi ẹ̀sùn kankan kún orúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Ó kàn sọ ibi tí ó wà, kí ẹni tí ó bá ń kọjá lọ lè yà kí i.

Ní ti LeShan, ó tọ́ kí á sọ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni, a kò sì lè fi í ṣe olùkọ́ wa lórí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé ìbéèrè òun kò ran aláìsàn lọ́wọ́, ó jù ú sílẹ̀, ó wá òmíràn. Ìbéèrè tí ó jù sílẹ̀ náà ni a ṣì gbé dání lórí pẹpẹ wa. Ó tó àkókò kí àwa náà gbé e sílẹ̀.